Aṣọ Ẹbí Àwọn Oníkọ́ọ̀dù

Ní òru tí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì ọdún 2009 wọlé, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà ti sùn lọ fọnfọn. Àwọn tí kò tíì sùn ń ro ohun tí wọn yóò rà fún olólùfẹ́ wọn bí ilẹ̀ bá mọ́, torí ọjọ́ Falẹntáìnì ni. Ṣùgbọ́n káàkiri àgbáyé, àwọn kan kóra jọ sí ilé ọtí, sí ọ́fíìsì àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní ìyunifásítì, wọ́n tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni ń wo àṣekágbá bọ́ọ̀lù. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń yí lójú kọ̀ǹpútà náà. Nígbà tó di aago 12:31 òru ní àkókò Èkó, tí ìṣẹ́jú àáyá 30 lé lórí rẹ̀, nọ́ńbà náà di 1234567890. Ariwo sọ. Wọ́n ń dì mọ́ra wọn, wọ́n ń fi ife kan ife.

Ẹni tó bá bá wọn níbẹ̀ láìmọ̀dí á ní orí wọn ti yí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn ní ìtumọ̀ fún wọn. Unix, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn òṣìṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lọ́dún 1969, kì í ka ọjọ́ bí a ṣe ń kà á. Kò mọ Ọjọ́ Ajé yàtọ̀ sí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìṣẹ́jú àáyá nìkan ló ń kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti òru tí ọdún 1970 wọlé títí di òní olónìí. Òǹkà yẹn náà ni Linux jogún, òun náà ló sì wà nínú fóònù Android tó wà lápò ọ̀pọ̀ wa. Ní òru Falẹntáìnì yẹn, òǹkà náà kàn dé ibi tí nọ́ńbà ti tò tẹ̀léra wọn láti orí ení dé ẹẹ́sàn-án, tí òdo sì kẹ́yìn wọn.

Àwọn tí irú nǹkan báyìí ń dùn mọ́ nínú ni wọ́n ń pè ní geek: àwọn tí kọ̀ǹpútà, ìṣirò tàbí ìtàn nípa òfúrufú ti wọ̀ lẹ́jẹ̀. Nígbà kan, èébú ni orúkọ náà lẹ́nu àwọn ọmọ ilé-ìwé Amẹ́ríkà. Lónìí, oyè ni. Bí gbogbo ẹgbẹ́ tó mọ ara rẹ̀ lẹ́gbẹ́, wọ́n ní ọdún tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ní aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ sí i.

Ọdún wọn pọ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ni ti pi, nọ́ńbà tí a fi ń ṣírò òbírí, torí pé bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọjọ́ náà nìyẹn: 3.14. Larry Shaw ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1988 ní Exploratorium, ilé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní San Francisco. Ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, wọ́n á gbé táwẹ́ẹ̀lì kọ́ ọrùn lọ síbi iṣẹ́ láti rántí Douglas Adams, òǹkọ̀wé ará Bírítéènì tó kú lọ́dún 2001, ẹni tó fi táwẹ́ẹ̀lì ṣe ohun èlò tí arìnrìn-àjò òfúrufú kò gbọdọ̀ gbàgbé nílé. Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù Keje jẹ́ ti àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní Chicago, Ted Kekatos, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2000, lẹ́yìn tó rí ìpolówó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbé òdòdó àti èso lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní Rọ́ṣíà, ìjọba fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí ọjọ́ àwọn oníkọ́ọ̀dù, àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, lọ́dún 2009, ó sì fi í sí ọjọ́ kẹrìndínlọ́gọ́ta lé ní igba nínú ọdún. Ìdí ni pé 256 ni iye nọ́ńbà tí ègé ìrántí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní byte lè dì mú.

Aṣọ wọn kì í ṣe léèsì, kì í ṣe àǹkárá. Tí-ṣẹ́ẹ̀tì ni.

Ẹ má fi ojú tín-ín-rín wo tí-ṣẹ́ẹ̀tì yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe òde rí nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé aṣọ ẹbí kì í ṣe aṣọ lásán. Bí olóde bá ra aṣọ náà lọ́jà, ó máa ń bu díẹ̀ lé e kó tó pín in fún ẹbí àti ọ̀rẹ́. Gbogbo èèyàn ló mọ̀. Àwọn kan á kùn sínú, wọ́n á sì sanwó. Èlé orí aṣọ yẹn ló ń ran olóde lọ́wọ́ láti dáná, láti pe onílù, láti san owó àga àti àtíbàbà. Ẹni tó sì wọ̀ ọ́ ti sọ fún gbogbo ayé, láìla ẹnu, pé ti ẹbí báyìí lòun ń ṣe. Iṣẹ́ méjèèjì yìí ni tí-ṣẹ́ẹ̀tì ń ṣe fún àwọn oníkọ́ọ̀dù: ó ń pa owó díẹ̀ wọlé fún iṣẹ́ tí kò ní olówó lẹ́yìn, ó sì ń fi ọmọ ẹgbẹ́ han ara wọn. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò dùn títí, ṣùgbọ́n a ó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹbí tí à ń sọ. Ká ní ẹnì kan ta agbádá fún yín, ó wá fi òfin dè é: ẹ kò gbọdọ̀ tú ojú rírán rẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ gbé e fún télọ̀ mìíràn kó bá yín tú u sí i bí ẹ bá sanra, ẹ kò sì gbọdọ̀ yá àbúrò yín wọ̀. Bí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tí wọ́n ń tà ṣe rí nìyẹn. Ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀dù rẹ̀, ìyẹn ìlànà tí ẹni tó ṣe é kọ sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè mọ ohun tó máa ṣe, wà nínú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Lọ́dún 1983, Richard Stallman, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìyunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun máa kọ odindi ètò kọ̀ǹpútà tí kò ní irú ìdè bẹ́ẹ̀ lára. GNU ló pè é. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó dá àjọ Free Software Foundation sílẹ̀.

Orúkọ àjọ náà ti kó ìdààmú bá àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ tó ti wà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ohun tí a kò sanwó fún àti fún ohun tí kò sí lóko ẹrú. Ojoojúmọ́ ni Stallman ń ṣàlàyé pé òmìnira lòun ń sọ, pé òun kò sọ̀rọ̀ nípa owó. Kì bá tí dààmú tó bẹ́ẹ̀ ká ní Yorùbá ló gbọ́. Ọ̀fẹ́ yàtọ̀ sí òmìnira lẹ́nu wa, ọmọ ọdún márùn-ún kò ní ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 1998, àwọn kan pàdé ní Palo Alto ní California láti wá orúkọ tí àwọn oníléeṣẹ́ kò ní máa sá fún. Obìnrin kan, Christine Peterson, ló mú orúkọ open source wá. Òun ló ràn jù báyìí. Ohun tó dúró fún ni pé kọ́ọ̀dù wà ní gbangba, ẹni tó bá wù lè kà á, ó lè tún un ṣe, ó lè fi fún ẹlòmíràn.

Láàárín ìgbà yẹn, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ìyunifásítì ní Helsinki ní Finland, ti gbé Linux jáde lọ́dún 1991. Ní 1993, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ní Amẹ́ríkà, Ian Murdock, pa orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ Debra pọ̀ mọ́ tirẹ̀, ó sì pe iṣẹ́ tirẹ̀ ní Debian. Títí di òní, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹjọ tó kéde rẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Debian ń ṣe ọjọ́ ìbí, tí wọ́n ń gé kéèkì, tí wọ́n sì ń wọ tí-ṣẹ́ẹ̀tì alámì pupa tó yí bí ìkarahun ìgbín. Ní 1996, Larry Ewing ya ẹyẹ pẹ́ńgúìnì tó sanra kan tó jókòó tẹ́rín-tẹ́rín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Ẹyẹ náà di àmì Linux, kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí àyà àwọn èèyàn.

Kọ́ọ̀dù lè wà ní gbangba, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ọ́ ń jẹun, ó sì ń san owó ilé. Stallman fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ń ta téèpù tí ó gba Emacs, sọ́fítíwíà kan tó kọ, sí ní 150 dọ́là, ní ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì dé ọwọ́ gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá ní ọ̀nà àtigbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lè gbà á. Ẹni tí kò ní, tàbí tó fẹ́ ṣèrànwọ́, á ra téèpù. Ọgbọ́n yìí ni àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń dá.

Kò sí ibi tí ọgbọ́n náà ti hàn gbangba bíi Calgary, ìlú kan ní ìwọ̀ oòrùn Kánádà. Níbẹ̀ ni Theo de Raadt, tí wọ́n bí ní South Africa, ti bẹ̀rẹ̀ OpenBSD lọ́dún 1995. Ètò kọ̀ǹpútà tó gbajúmọ̀ fún ààbò ni. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ẹ ti jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ló ṣe OpenSSH, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1999. Òun ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó sí Ìbàdàn fi ń wọlé sínú kọ̀ǹpútà tó wà ní Jámánì láti tún ìkànnì ilé ìtajà kan ṣe, tí olè kankan kò fi ní rí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ gbà lójú ọ̀nà. Ó wà nínú Linux, ó wà nínú kọ̀ǹpútà Apple, Microsoft pàápàá ti fi í sínú Windows.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni OpenBSD tuntun ń jáde. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, fún ogún ọdún gbáko, wọ́n ń ta CD rẹ̀ nínú páálí aláwòrán, wọ́n ń ta pósítà, wọ́n sì ń ta tí-ṣẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2001, wọ́n tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin fún un. Àmì wọn ni Puffy, ẹja elégùn-ún tó máa ń wú bíi bọ́ọ̀lù bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wọ Puffy láṣọ tuntun, wọ́n á sì fi í pa àlọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Ẹ wo ti oṣù Kọkànlá ọdún 2003. Puffy wà nínú igbó gẹ́gẹ́ bíi Robin Hood, ọ̀daràn inú ìtàn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ja olówó lólè láti fi fún tálákà. Ẹni tó bá ra aṣọ yẹn mọ ohun tí àwòrán náà ń sọ. Àjọ ìwádìí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, DARPA, ti gbé owó tó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là kalẹ̀ fún iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ OpenBSD. Nígbà tí ogun Ìráàkì gbóná, de Raadt sọ fún ìwé ìròyìn kan ní Kánádà pé òun ń tu ara òun nínú pé owó tí àwọn gbà yìí, ó kéré tán, kò ní í jẹ́ kí wọ́n fi ṣe ìdajì àdó olóró kan. Kò pẹ́, nínú oṣù Kẹrin, tí owó náà fi dáwọ́ dúró. Àwọn tó fi owó ara wọn ra CD, tí-ṣẹ́ẹ̀tì àti pósítà, pẹ̀lú àwọn tó dáwó lásán, ló wà nílẹ̀ nígbà tí ológun kó tirẹ̀ lọ.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí tí-ṣẹ́ẹ̀tì wọn wọ gàù òfin. Títí di ọdún 1996, òfin Amẹ́ríkà ka sọ́fítíwíà tó ń ti ọ̀rọ̀ pa lọ́nà tó lágbára mọ́ ohun ìjà, bíi ìbọn àti ọta, tí ẹnì kan kò gbọdọ̀ gbé jáde nílùú láìgba àṣẹ. Adam Back, ará Bírítéènì, wá kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ìlà kóńkóló mẹ́ta péré, nínú èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Perl. Kí ni ìjọba fẹ́ ṣe sí ìlà mẹ́ta? Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí tí-ṣẹ́ẹ̀tì lọ́dún 1995, wọ́n sì kọ ìkìlọ̀ sí i pé ohun ìjà ni aṣọ yìí. Bí ará Amẹ́ríkà bá wọ̀ ọ́ wọ bàálù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ti kó ohun ìjà jáde nìyẹn, bí a bá tẹ̀lé lẹ́tà òfin. Ìjọba yọ irú sọ́fítíwíà náà kúrò nínú àkójọ ohun ìjà lópin ọdún 1996. Kì í ṣe aṣọ nìkan ló fà á, àwọn iléeṣẹ́ àti agbẹjọ́rò jà gan-an. Ṣùgbọ́n aṣọ ló jẹ́ kí ẹni tí kò gbọ́ ìṣirò rí bí òfin náà ṣe pani lẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ tún bẹ́ sílẹ̀. Jon Lech Johansen, ọmọkùnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Norway, wà lára àwọn tó gbé DeCSS jáde lọ́dún 1999, ètò kékeré kan tó ń ṣí títì orí DVD. Àwọn tó ń lo Linux ti ra DVD lówó iyebíye, kọ̀ǹpútà wọn kò sì lè fi í hàn. Àwọn oníléeṣẹ́ fíìmù gba ilé ẹjọ́ lọ kí ẹnikẹ́ni má ṣe pín kọ́ọ̀dù náà. Ni iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Copyleft bá tẹ kọ́ọ̀dù ọ̀hún sẹ́yìn tí-ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì ń tà á. Lọ́dún 2000, wọ́n fi orúkọ Copyleft náà kún àwọn olùjẹ́jọ́ ní California, nítorí aṣọ. Ní Oslo ní tiẹ̀, ilé ẹjọ́ dá Johansen láre lóṣù Kìíní ọdún 2003; àwọn agbẹjọ́rò ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n tún pàdánù kí ọdún náà tó parí.

Nínú gbogbo èyí, ẹni tó wọ aṣọ ló fẹ́ràn iṣẹ́, aṣọ kàn tẹ̀ lé e ni. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí ó bá di pé aṣọ ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣiṣẹ́?

Hacktoberfest dáhùn ìbéèrè yẹn. DigitalOcean, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń yá èèyàn ní kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló bẹ̀rẹ̀ ọdún yìí lóṣù Kẹwàá ọdún 2014. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin rẹ̀ kò le. Láàárín oṣù náà, kọ àtúnṣe bíi mẹ́rin sí iṣẹ́ open source èyíkéyìí, fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ín kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí-ṣẹ́ẹ̀tì á sì bá ọ nílé lọ́fẹ̀ẹ́, ibi yòówù kí o wà láyé. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó di gbajúmọ̀ oníkọ́ọ̀dù lónìí ló jẹ́ pé oṣù Kẹwàá kan báyìí ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ́ọ̀dù ẹlòmíràn. Àwọn tó kópa lọ́dún àkọ́kọ́ kò tó ẹgbẹ̀rún. Nígbà tó máa fi di 2020, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin aṣọ ni wọ́n ṣèlérí.

Ọdún 2020 yẹn ni ọbẹ̀ dànù. Ẹnì kan tó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùwòran lórí YouTube ṣe fídíò láti fi kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè kópa. Àpẹẹrẹ tó lò rọrùn jù: ó kàn fi ọ̀rọ̀ ìwúrí kan kún ojú ìwé àlàyé iṣẹ́ kan. Ni àwọn ọmọ ogun aláṣọ bá tú jáde. Ẹni tó ń bójú tó sọ́fítíwíà kan láàárọ̀ kùtù, tí kò gba kọ́bọ̀, á jí bá ogójì àtúnṣe tó ń dúró dè é: ọ̀kan fi àmì ìdánudúró kan kún gbólóhùn, òmíràn yọ ọ́ kúrò, ọ̀kan fi kún àkọlé pé iṣẹ́ àrà ni iṣẹ́ yìí. Ó sì gbọ́dọ̀ ka gbogbo rẹ̀ kó tó tì í. Inú bí àwọn olùtọ́jú, wọ́n figbe bọnu. Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, DigitalOcean yí òfin padà: iṣẹ́ tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ kópa nìkan ni wọ́n á máa kà. Lọ́dún 2023, wọn kò fún àwọn olùkópa ní aṣọ, báàjì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi rọ́pò.

Àwa náà mọ irú rẹ̀. Ẹni tó ra aṣọ ẹbí torí pé ó fẹ́ràn ìyàwó, á dúró ti ìyàwó. Ẹni tó wá torí àpò ẹ̀bùn nìkan, ẹ̀bùn ló máa ń béèrè kí wọ́n tó gbàdúrà tán.

Àwọn ará ilẹ̀ wa kò ṣàìsí nínú ẹbí oníkọ́ọ̀dù yìí. Lọ́dún 2018, Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá Open Source Community Africa sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà má kàn máa lo sọ́fítíwíà ẹlòmíràn, kí wọ́n máa kọ ọ́ náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, kété kí Kòrónà tó sé gbogbo ayé mọ́lé, wọ́n ṣe àjọ̀dún wọn àkọ́kọ́ ní Èkó. Iṣẹ́ tó jẹ́ ti èdè wa pàápàá wà nínú ẹbí yìí. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìdáwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2015 láti ṣe YorubaName, ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ṣí kọ́ọ̀dù rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀yà mìíràn tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ má baà bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo.

Ṣùgbọ́n kí ará Nàìjíríà tó ra tí-ṣẹ́ẹ̀tì láti òkè òkun, ojú rẹ̀ á rí nǹkan. Lọ́dún 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì ní Nàìjíríà dín owó tí èèyàn lè ná lókè òkun pẹ̀lú káàdì náírà kù sí 20 dọ́là lóṣù. Aṣọ kan pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lè há sọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè tàbí kó dé nígbà tí gbogbo èèyàn ti ń múra ọdún mìíràn. Ó rọrùn jù fún ẹgbẹ́ láti gbé àwòrán lọ sí Ṣómólú.

Gbogbo Èkó ló mọ Ṣómólú sí àdúgbò àwọn atẹ̀wé, níbi tí ariwo ẹ̀rọ àti ti jẹnẹrétọ̀ kì í ti í dákẹ́. Bí wọ́n ṣe ń tẹ tí-ṣẹ́ẹ̀tì rèé. Wọ́n á na aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní ihò wínníwínní sórí férémù onígi, wọ́n á fi kẹ́míkà tí ìmọ́lẹ̀ ń mú gan pa á. Wọ́n á gbé àwòrán dúdú lé e, wọ́n á sì tan iná sí i. Ibi tí iná bà á gan. Ibi tí dúdú bò, wọ́n á fi omi ṣàn án kúrò, ihò rẹ̀ á sì ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé férémù lé àyà aṣọ, wọ́n á da íǹkì sí òkè rẹ̀, wọ́n á fi rọ́bà gbígbòòrò fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá gbé férémù kúrò, àwòrán ti wà nílẹ̀. Ó ku kí iná ẹ̀rọ gbígbóná mú íǹkì náà jọ. Àwọ̀ mẹ́ta, férémù mẹ́ta. Iṣẹ́ àtiṣe férémù kò yàtọ̀, ì báà jẹ́ aṣọ mẹ́wàá tàbí igba, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ tẹ kọ́ọ̀dù sí i, kó fún lẹ́tà rẹ̀ ní ara: èyí tó bá tín-ín-rín jù, íǹkì á pa á pọ̀ di àbàwọ́n kan ṣoṣo.

Ní Brussels, ní Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n ti rí i pé èlé orí aṣọ lè ran òde ńlá lọ́wọ́. Oṣù Kejì tàbí òpin oṣù Kìíní ni wọ́n sábà máa ń ṣe FOSDEM, àpéjọ àwọn oníṣẹ́ open source, ní ìyunifásítì ULB níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníkọ́ọ̀dù ló ń wá, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ìforúkọsílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá dáwó ní tábìlì ni wọ́n ń fún ní tí-ṣẹ́ẹ̀tì ọdún yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ bá dé ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìwọ̀n XXL tó rí bí àgọ́ ló máa ń kù.

Ó tó gẹ́ẹ́ báyìí ká sọ ibi tí agbára aṣọ mọ. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2014, wọ́n rí ihò kan nínú OpenSSL, sọ́fítíwíà tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín fóònù wa àti báǹkì. Heartbleed ni wọ́n sọ ọ́. Ìjayà bá ayé. Ìgbà náà ni gbogbo èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé nǹkan bíi 2,000 dọ́là péré ni ìdáwó tó ń wọlé fún iṣẹ́ náà lọ́dún, pé ẹnì kan ṣoṣo ló fi gbogbo àkókò rẹ̀ sí i. Tí-ṣẹ́ẹ̀tì mélòó lèèyàn máa tà kó tó gba òṣìṣẹ́ mẹ́rin sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó ti ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún pípẹ́, Google, Facebook, Microsoft àti Amazon nínú wọn, wá ṣàdéhùn pé olúkúlùkù á máa mú 100,000 dọ́là wá lọ́dún, fún ọdún mẹ́ta.

Oṣù mẹ́ta péré ṣáájú rẹ̀, OpenBSD ti ké gbàjarè ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ àti tuntun tí wọ́n fi ń dán sọ́fítíwíà náà wò wà lábẹ́ ilé de Raadt ní Calgary, owó iná wọn sì jẹ́ 20,000 dọ́là. Kò sí owó náà nílẹ̀. CD kò tà mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá, torí gbogbo èèyàn ti ń wà á sórí kọ̀ǹpútà láti íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní bí kò bá sí ìrànlọ́wọ́, àwọn á pa iná. Ọlọ́jà bitcoin kan láti Romania ló gbé 20,000 dọ́là kalẹ̀, àwọn yòókù sì tún dáwó jọ lẹ́yìn rẹ̀. Iná kò kú.

Nítorí pé iná kò kú, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2014 yẹn kan náà, tí OpenBSD 5.5 jáde. Òǹkà ìṣẹ́jú àáyá tí a fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí ní àlébù kan. Àyè tí wọ́n fi pamọ́ sí nínú àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ kéré, yóò sì kún ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kìíní ọdún 2038. Kọ̀ǹpútà tí wọn kò bá tún ṣe á gbà pé òun ti padà sí oṣù Kejìlá ọdún 1901. OpenBSD 5.5 fẹ àyè náà lójú lórí gbogbo irú kọ̀ǹpútà tó ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn kọ̀ǹpútà abẹ́ ilé, tí owó iná wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di gbèsè, wà lára ibi tí wọ́n ti dán iṣẹ́ yẹn wò.

Kí 2038 tó dé, ọdún mìíràn ń bọ̀ fún wọn. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Karùn-ún ọdún 2033, òǹkà náà á di bílíọ̀nù méjì géérégé: 2000000000. Ọjọ́rú ni. Aago 4:33 ìdájí ni ní Èkó, ìṣẹ́jú àáyá 20 lé e. Òdo mẹ́sàn-án tó tẹ̀léra wọn, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, àwọ̀ kan ṣoṣo, férémù kan péré. Kò ní da àwọn ará Ṣómólú láàmú rárá.